Ta Ní Ń Jẹ́ ?p??y?mí?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ìjánu ni a fi ń fa ẹṣin síbi tí a bá fẹ́. Orúkọ ni a fi ń pe ọmọ padà wá sílé. Ǹjẹ́ bí ẹ̀rọ kan bá gba orúkọ ọmọ ní odindi, tí ó sì pọ̀ ọ́ jáde bí ẹ ti rí i lókè yìí, irú ìjánu wo ló kù tí a ó fi fa ọmọ náà wálé?

Kí ẹ má ṣe rò pé àwọn tó tẹ ìwé ìròyìn wa ló ṣe àṣìṣe. Ọpẹ́yẹmí ni orúkọ tí ń bẹ lókè yẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà kan ṣe kọ ọ́ lójú mi, èmi ni mo sì pàṣẹ fún un pé kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi ka ẹ̀ṣẹ̀ mi kí ẹlòmíràn tó bá mi kà á.

Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ kan, àwa ọmọ ẹgbẹ́ dá owó jọ láti háyà bọ́ọ̀sì tí yóò gbé wa lọ sí Ìbàdàn. Ẹ mọ bí ọ̀nà náà ti jìn tó. A ó kọjá Damaturu, a ó kọjá Potiskum, a ó kọjá Bauchi, ilẹ̀ yóò sì ti ṣú bá wa kí a tó gbọ́ ẹni tí yóò fi èdè Yorùbá kí wa lójú ọ̀nà. Ẹni tí bọ́ọ̀sì bá fi sílẹ̀, inú ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ṣófo ni yóò padà sí. Nítorí náà, ìwé orúkọ àwọn tó ti sanwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Akápò ẹgbẹ́ ní ìwé ìkọ̀wé kan tí ó ń kọ orúkọ sí. Èmi, nítorí pé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́, mo ní kí a pa ìwé tì, pé ayé ti kúrò níbẹ̀. Mo fi èdè Python kọ ètò kékeré kan. Kò ní àwòrán, kò ní ọ̀ṣọ́. Inú kọ́nsóòlù ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ojú dúdú tí kìkì lẹ́tà máa ń jáde sí. Ètò náà yóò béèrè orúkọ, ènìyàn yóò tẹ̀ ẹ́, yóò tẹ Enter, ètò yóò sì sọ bóyá orúkọ náà wà lára àwọn tó sanwó. Àwọn kan fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí mi láti orí fóònù, mo sì dà wọ́n sínú fáìlì bí wọ́n ti wà.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò, iná kò sí, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi sì ti kú. A yá láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan. Python tó wà lórí rẹ̀ kò tí ì dé 3.6. Bí ètò mi ti fẹ́ kọ orúkọ àkọ́kọ́ tó ní àmì lábẹ́ jáde, ó dá iṣẹ́ sílẹ̀. Oorun ti ń kùn mí. Mo wá ohun tó rọrùn ṣe: mo pàṣẹ fún un pé lẹ́tà yòówù tó bá ṣòro fún un, kí ó fi àmì ìbéèrè rọ́pò rẹ̀. Ó gbọ́ àṣẹ. Ó kọ ?p??y?mí sójú, èmi àti ọ̀rẹ́ mi tó bá mi jókòó sì rẹ́rìn-ín títí. A kò mọ̀ pé ẹkún ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rín náà.

Ní ìdájí, mo gba láptọ́ọ̀pù tèmi padà níbi tí mo ti gbé e lọ gba iná, mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì bí ọ̀gá. Ọmọbìnrin kan dé, ọlọ́dún kìn-ín-ní. Ọpẹ́yẹmí kọ́ ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a pè é bẹ́ẹ̀. Ó tẹ orúkọ rẹ̀, àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ pé. Ètò mi dá a lóhùn pé: Orúkọ yìí kò sí. Ó tún un tẹ̀. Orúkọ yìí kò sí.

Ó wo ojú mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo sanwó o. Ẹ̀yin náà lẹ gba orúkọ mi.”

Kí ni mo fi dá a lóhùn? Mo ní, “Àbúrò, kọ̀ǹpútà kì í parọ́.”

Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé bóyá kò sanwó ni, pé kí ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí àwọn tó sanwó rí àyè wọlé. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó jókòó lórí àpótí rẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Akápò ló gbà á sílẹ̀. Ó ṣí ìwé ìkọ̀wé rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ọ: orúkọ rẹ̀ rèé, ọjọ́ tó sanwó rèé, iye tó san rèé. Ó ní, “Àbúrò, wọ ọkọ̀.” Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Ìwọ, gbé ẹ̀rọ rẹ pamọ́.”

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ohun tí mo sì fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó bá kọ ètò tó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, òun ló ni ẹ̀bi bí ọ̀rọ̀ náà bá bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ. Kì í ṣe ẹ̀bi kọ̀ǹpútà mọ́. Kì í sì í ṣe ẹ̀bi èdè Yorùbá rárá. Ẹ̀bi àwa tí à ń kọ ètò ni.

Mo sọ pé “mọ́” nítorí pé ìgbà kan wà tí ẹ̀bi náà jẹ́ ti ẹ̀rọ lóòótọ́. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà kankan. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Àwọn ènìyàn ni wọ́n jókòó tí wọ́n fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ìlànà ASCII jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963, àyè 128 péré ló wà nínú rẹ̀, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà àti àwọn àmì díẹ̀ ni ó sì wà fún. Nígbà tí ilé iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà PC rẹ̀ jáde ní 1981, àyè náà di 256. Ẹ wá wo ohun ìyanu. Á, à, é, è, í, ì, ó, ò, ú àti ù ní lẹ́tà kékeré wà lára àwọn 256 náà, nítorí pé àwọn èdè Yúróòpù ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò rí àyè jókòó. Irú àtẹ lẹ́tà yìí ni kọ́nsóòlù láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí a yá ń lò. Ìdí nìyí tí í tó gbẹ̀yìn orúkọ Ọpẹ́yẹmí fi yè, tí Ọ àti ẹ fi di àmì ìbéèrè. Ẹ ó sì rí i pé àmì ìbéèrè méjì ló wà ní ipò ẹ́ kan ṣoṣo. Èyí rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé méjì ni ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà: ẹ gba nọ́ńbà kan, àmì ohùn tó wà lórí rẹ̀ gba nọ́ńbà mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ àwọn àmì tí ẹ̀rọ sọ nù wọ̀nyí, àwọn baba wa kò rí wọn he lójú ọ̀nà. Samuel Ajayi Crowther ti ń tẹ ìwé lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá láti 1843. Ní 1875, wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó nítorí bí a ó ti máa kọ èdè yìí sílẹ̀. Ní 1974, ìjọba fi ọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ títí di òní. Èyí lé ní 130 ọdún láti ọdọ Crowther, tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń jiyàn lórí ibi tí àmì yóò wà. Ǹjẹ́ ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí oorun ń kùn fi ìlà kan ṣoṣo nù wọ́n dànù ní alẹ́ ọjọ́ kan?

Ẹ̀rọ náà sì ti ṣe tirẹ̀. Ní 1992, Ken Thompson àti Rob Pike jókòó ní ilé oúnjẹ kan ní New Jersey, wọ́n sì ya ìlànà UTF-8 sórí bébà tí a ń tẹ́ sábẹ́ àwo. Ìlànà yìí ló jẹ́ kí lẹ́tà gbogbo èdè ayé lè bá ọ̀nà kan náà rìn láìpa ASCII lára. Ní 1993, ẹ, ọ àti ṣ gba nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode. Ní 2008, Python 3 jáde, Unicode ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2016, Python 3.6 tún ọ̀rọ̀ kọ́nsóòlù Windows ṣe, tí ó fi lè gba ọ wọlé kí ó sì kọ ọ jáde láìjanpata. Ẹni tó bá wà lórí Windows tí ó rí i pé ọ ń jáde bíi ß╗ì, kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́. UTF-8 ni ètò rẹ̀ ń sọ, ṣùgbọ́n àtẹ àtijọ́ ti 1981 ni kọ́nsóòlù rẹ̀ fi ń kà á. Kí ó tẹ chcp 65001 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yóò sì tọ́. Àwíjàre wo ló tún kù lẹ́nu wa?

Ẹ ó bi mí pé: láptọ́ọ̀pù tìrẹ kì í ṣe àtijọ́, kí ló dé tí kò fi dá Ọpẹ́yẹmí mọ̀ ní ìdájí ọjọ́ náà? Ìbéèrè gidi ni, òun sì ni èyí tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ ètò fi sọ́kàn.

Bí a bá fi ojú ka Ọpẹ́yẹmí, lẹ́tà 7 ni. Ṣùgbọ́n kíbọọ̀dù kan lè kọ ọ́ ní nọ́ńbà 8, kí òmíràn kọ ọ́ ní nọ́ńbà 12. Èyí àkọ́kọ́ mú ẹ pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀ bí ohun kan ṣoṣo. Èkejì kọ e lásán, ó wá fi àmì abẹ́ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà àmì òkè. Ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà to ẹ́ nìkan jọ, Unicode sì ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ọ̀kan náà. Ojú wa kò lè rí ìyàtọ̀ kankan láàrin wọn. Ṣùgbọ́n ètò tí a kò bá kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí yóò máa fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà, yóò sì ní wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ó dà bí ẹni tó yá ẹgbẹ̀rún náírà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní bébà kan, tí ó wá dá a padà ní igba náírà márùn-ún. Bí ọ̀rẹ́ náà bá ní owó òun kọ́ nìyẹn, pé bébà kan ni òun yá a, ẹ ó ní orí rẹ̀ dàrú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ètò mi ṣe sí ọmọ ọlọ́mọ. Fóònù rẹ̀ fi orúkọ ránṣẹ́ ní bébà ńlá. Kíbọọ̀dù mi gbà á ní bébà wẹ́wẹ́. Owó kan náà ni, èmi sì ní kò sanwó.

Ìlà kan ṣoṣo ni ìwòsàn rẹ̀. Nínú Python, bí orúkọ bá ti wọlé, a ó sọ pé unicodedata.normalize("NFC", orúkọ), gbogbo rẹ̀ yóò sì di irú bébà kan náà kí a tó fi wé ohunkóhun. Èdè Java ní irú rẹ̀, JavaScript náà ní. Ìlà kan! Nítorí ìlà kan tí n kò kọ, ọmọ ọlọ́mọ sunkún lórí àpótí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni ti ọ̀wọ̀. Ètò inú kọ́nsóòlù kì í ṣe ẹ̀rọ lásán. Ẹni tó ń báni sọ̀rọ̀ ni. Ó ń béèrè, à ń dáhùn. Ó ń dáhùn, à ń gbọ́. Ètò mi béèrè pé “Kí ni orúkọ rẹ?” lọ́wọ́ ẹni tó bá ti jókòó síwájú rẹ̀, ìbáà jẹ́ àbúrò, ìbáà jẹ́ ìyá arúgbó tó wá wo ọmọ rẹ̀. Kò rí ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà “Kí ni orúkọ yín?” ló yẹ kí ó wí. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í fi “ìwọ” bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀. Bí ẹnì kan bá sì ṣi nǹkan tẹ̀, kí ló dé tí a ó fi jẹ́ kí ètò pariwo Gẹ̀ẹ́sì lé e lórí, kí ó sì kú? Nínú Python, ohun tí input bá gbà wọlé, ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe iye. Bí a bá béèrè iye owó, tí ẹnì kan sì tẹ 20,000 pẹ̀lú àmì ìdánudúró láàrin rẹ̀, tí a wá fi int mú un láìyẹ̀ ẹ́ wò, ètò yóò ṣubú lulẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ níbẹ̀ ju ẹni tó kọ ètò lọ. Ohun tó tọ́ ni pé kí ètò sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ nọ́ńbà nìkan, bí àpẹẹrẹ 20000,” kí ó sì tún béèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo C, ẹ mọ̀ pé scanf pẹ̀lú %s máa ń dúró níbi tí àlàfo bá wà, tí orúkọ bàbá ènìyàn yóò sì ṣubú sẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Java, ẹ mọ bí nextLine ṣe máa ń fo ìbéèrè orúkọ bí ó bá tẹ̀lé nextInt, nítorí pé Enter tó ṣẹ́kù lẹ́yìn nọ́ńbà náà ni ó gbé mì. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí kìkì láti fi yege ìdánwò. Mo ń sọ fún yín pé ènìyàn wà ní òdìkejì wọn.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ. Wọ́n ní Yorùbá gbọ́ ara wọn láìsí àmì, pé bí ènìyàn bá kọ “igba” nínú gbólóhùn, ẹni tó ń kà á yóò mọ̀ bóyá igba owó ni, tàbí igbá tí a fi ń bu omi, tàbí ìgbà tí ń yí padà. Mo gbà fún wọn tí ó bá jẹ́ lẹ́tà tí a kọ sí ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lójú kọ́nsóòlù kò ní gbólóhùn tó yí i ká. Òun nìkan ló dá dúró. Bí a bá yọ àmì Ọpẹ́yẹmí kúrò, ta ni yóò sọ fún ẹni tí kò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí bóyá ọpẹ́ ló yẹ ọmọ náà tàbí ọ̀pẹ? Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀.

Àwọn mìíràn ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wa, Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi ṣe ìdánwò, kí ni a fẹ́ fi Yorùbá ṣe nínú kọ̀ǹpútà? N kò ní kí ẹ fi Yorùbá dáhùn ìdánwò. Mo ní ẹ̀rọ tí ó bá ń béèrè orúkọ Yorùbá gbọ́dọ̀ lè gba orúkọ Yorùbá. Àwọn kan tilẹ̀ ti lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Anuoluwapo Karounwi ṣe Yorlang, èdè tí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Níbi tí àwa ti ń kọ print, “sọpé” ni wọ́n ń kọ níbẹ̀. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dá YorubaName sílẹ̀ ní 2015 ṣe kíbọọ̀dù ọ̀fẹ́ tí ènìyàn lè fi tẹ gbogbo àmì Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn wọ̀nyí kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó gbà wọ́n láyè.

Ẹ̀ka kẹta ní ojú dúdú ti di ohun àtijọ́, pé ayé àwòrán ni a wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Maiduguri, ẹ̀yin náà ni yóò sọ bẹ́ẹ̀? Ní 2021, àwọn agbésùnmọ̀mí wó òpó iná gíga tó ń gbé iná wá sí ìlú yìí, ọ̀pọ̀ oṣù sì kọjá tí ìlú wà nínú òkùnkùn. Ẹni tó mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní fojú kéré ètò tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò ń jẹ bátìrì púpọ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù tí ẹlòmíràn ti fẹ́ sọ nù. Ní àfikún, ojú dúdú ni gbogbo wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti 1978 tí Kernighan àti Ritchie ti tẹ ìwé wọn lórí èdè C ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ayé ti ń fi “hello, world” bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ohun tí a bá fi kọ́ ọwọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í tètè kúrò lọ́wọ́. Bí a bá kọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe máa kọ ètò báńkì àti ti ilé ìwòsàn lọ́jọ́ iwájú.

Àlejò ni a jẹ́ ní ìlú yìí, ó sì yẹ kí àlejò rántí onílé. Àwọn Kanuri ní àkọtọ́ tiwọn, èyí tí Ìgbìmọ̀ Èdè Kanuri fi ọwọ́ sí ní Maiduguri níhìn-ín ní 1975, ó sì ní ǝ àti ɍ tí kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Hausa ní ɓ, ɗ àti ƙ. Àwọn Shuwa ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀wé láti apá ọ̀tún wá sí apá òsì. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tí àtẹ 1981 yẹn rántí. Ìlànà kan náà tí yóò gba ọ wa là ni yóò gba ɗ ti aládùúgbò wa là. Bí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá bá kọ ètò tó pe orúkọ ọmọ Kanuri ní ojúlówó, ìkíni tó dára ju “barka” lọ nìyẹn.

Kí wá ni ṣíṣe? Ohun tí mo ń dá lábàá fún ẹgbẹ́ wa kò nílò owó. Ìkínní, kí olúkúlùkù wa tó ń kọ́ èdè kọ̀ǹpútà máa fi orúkọ ara rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, dán ètò rẹ̀ wò kí ó tó gbé e fún ẹlòmíràn. Ìkejì, kí a má ṣe fi dandan mú ẹnikẹ́ni láti tẹ àmì nígbà tó bá ń wá orúkọ. Bí ó bá tẹ Opeyemi, kí ètò wá gbogbo èyí tó jọ ọ́ jáde, kí ó sì béèrè pé, “Èwo ni tiyín?” Ṣùgbọ́n orúkọ tí ènìyàn bá ti fi sílẹ̀ pẹ̀lú àmì, kí a pa á mọ́ bẹ́ẹ̀, kí a sì kọ ọ́ jáde bẹ́ẹ̀. Ìkẹta, ibi tí ẹ̀rọ bá ti kọ̀ láti kọ lẹ́tà wa, kí a jẹ́ kí ó kọ̀, kí a sì wá ìdí rẹ̀. Ètò tó dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ń sọ òtítọ́ fún mi. Èmi ni mo fi àmì ìbéèrè dí i lẹ́nu. Ìkẹrin, kí a má ṣe ju ìwé ìkọ̀wé akápò nù títí a ó fi rí i pé ẹ̀rọ mọ ohun tí ìwé mọ̀.

Ẹ̀yin ará, èyí tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe àmì ìbéèrè, kì í sì í ṣe nọ́ńbà 8 àti 12. Gbólóhùn tí mo sọ sí ọmọ náà ni: “Kọ̀ǹpútà kì í parọ́.” Kọ̀ǹpútà kì í parọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a kò kọ́ ọ, kò lè mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni yóò jókòó sí ọ́fíìsì tí a ti ń sanwó oṣù, tí a ti ń forúkọ ọmọ ìkókó sílẹ̀, tí a ti ń wá orúkọ aláìsàn. Ènìyàn kan yóò dúró níwájú yín, yóò ní, “Mo wà níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un wò.” Ẹ má ṣe gba ẹ̀rọ gbọ́ ju ènìyàn náà lọ. Ẹ tún un wò.

Ní ti Ọpẹ́yẹmí, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí a padà dé láti ìsinmi, ó sì dárí jì mí. Mo gbé láptọ́ọ̀pù síwájú rẹ̀, mo ní kí ó dán ètò náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tẹ orúkọ rẹ̀. Ètò dáhùn pé: “Ẹ káàbọ̀, Ọpẹ́yẹmí. A ti rí orúkọ yín.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ilé.”

Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ tí yóò ti ọwọ́ wa jáde kọ́ ẹ̀kọ́ ilé. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ire o.